Kí gan-an ni ẹni tó ra NFT rà?

Aláwọ̀_Búlúù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń yàwòrán lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan kọ̀wé sí mi lánàá pé òun fẹ́ ra mẹ́fà nínú iṣẹ́ mi, àmọ́ kí n kọ́kọ́ sọ wọ́n di NFT. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kà nípa rẹ̀, orí mi ti gbóná. Bí gbogbo ayé bá lè fi àwòrán yẹn pamọ́ sórí fóònù wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni ẹni tó sanwó wá rí rà?

Bàbá_Onímàwòrán: Àbúrò, ó yẹ kí n ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí ní 2021, nígbà tí ilé gbàǹjo Christie's ta NFT iṣẹ́ Beeple, ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà kan, ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 69 dọ́là. Dípò kí n béèrè, ṣe ni mo sáré ra NFT mẹ́ta. (Ẹ má bi mí ní iye.)

Ìlà kan ni mo rà, nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú, tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá parẹ́. Ìwé yẹn là ń pè ní blockchain. Ìlà náà kàn ń sọ pé token báyìí (àmì tó dúró fún àwòrán, òun gan-an ni NFT), wọ́lẹ́ẹ̀tì báyìí (àpamọ́wọ́ orí ẹ̀rọ) ló ni ín. Àwòrán fúnra rẹ̀ kì í sábà sí níbẹ̀, torí owó gegere ni kíkó fáìlì ńlá síbẹ̀. Àdírẹ́sì ibi tí àwòrán wà ni wọ́n ń kọ.

Lọ́dún tó kọjá, mo ṣí ọ̀kan nínú tèmi wò. Orúkọ rẹ̀ wà, "ẹ̀dà 4 nínú 10" wà. Mo tẹ àdírẹ́sì àwòrán: ojú ewé funfun, 404, ìyẹn ni pé wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó ń sanwó sáfà, kọ̀ǹpútà tí àwòrán náà wà lórí rẹ̀, ti pa á tì. Token mi wà digbí o, òfìfo ló kàn ń júwe! Méjì yòókù wà lórí IPFS, ètò tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì láàárín ara wọn. Níbẹ̀, inú fáìlì gan-an ni àdírẹ́sì ti ń jáde, bí ẹnikẹ́ni bá yí nǹkan bíńtín nínú rẹ̀, àdírẹ́sì á yàtọ̀. Síbẹ̀ náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Akọ̀wé_Òfin: Ẹ̀gbọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ̀tọ́ àdàkọ ṣì jẹ́ ti ayàwòrán, àyàfi tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbé e fún olùrà. Ìdá tí wọ́n ní wàá máa gbà nígbàkúgbà tí wọ́n bá tún un tà ńkọ́? Má gbójú lé e. Lọ́wọ́ ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta NFT ló wà. Ní 2023, OpenSea, ọ̀kan nínú àwọn ọjà náà, kéde pé ẹni tó ń tà ló máa pinnu bóyá òun á san án.

Aláwọ̀_Búlúù: Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹni náà tún ní kí n fi owó gas ránṣẹ́ sí òun kí owó mi tó lè jáde.

Bàbá_Onímàwòrán: Háà! Gbájúẹ̀ ni! Gas wà lóòótọ́, owó iṣẹ́ àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ni, ṣùgbọ́n inú wọ́lẹ́ẹ̀tì tìrẹ ló ti máa ń kúrò tí o bá fọwọ́ sí i. Olùrà kì í gbà á. Ṣé kò tíì béèrè ọ̀rọ̀ 12 tí wọ́lẹ́ẹ̀tì fún ọ lọ́jọ́ tí o ṣí i?

Aláwọ̀_Búlúù: Ó béèrè rẹ̀ láàárọ̀ yìí, sà. Mi ò tíì fèsì.

Bàbá_Onímàwòrán: Má fèsì o. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ 12 yẹn ti kó gbogbo ohun tó wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ nìyẹn.