Ọmọ mi ọdún 13 ń sá fún oúnjẹ: ṣé ọ̀rọ̀ dókítà ni?

Ìyá Aláṣọ, Iléṣà:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin òbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láti ìgbà Kérésì ni ọmọbìnrin mi àgbà ti ń sá fún oúnjẹ. Mo kọ́kọ́ rò pé ààwẹ̀ tí wọ́n ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ààwẹ̀ tán, tirẹ̀ ò tán. Bí mo bá gbé iyán kalẹ̀, á ya á kéékèèké, á máa yí i kiri nínú ọbẹ̀, á ní òun ti yó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo ń gbálẹ̀ yàrá wọn, mo rí ẹ̀bà tó ti gan nínú ọ̀rá lẹ́yìn àpótí rẹ̀. Suwẹ́tà ló ń wọ̀ nínú oòrùn yìí, ó ní òtútù ń mú òun. Nǹkan oṣù rẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀, kò rí i mọ́. Síbẹ̀, ó ní òun sanra jù.

Ìyá ọkọ mi ní kòkòrò inú ni, a ti lo oògùn kòkòrò. A lo ti ibà, a lo ti taífọ́ọ̀dù. Níbi tí a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, wọ́n kọ fítámì fún un, ẹnikẹ́ni ò gbé e sórí ìwọ̀n. Ṣé ọ̀rọ̀ dókítà ni, àbí ìwà ọmọ tó ń bàlágà?

Ọmọ Lágere:
Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ó jọ àìsàn tí ìbẹ̀rù sísanra máa ń fà, tí ọmọ kì í fẹ́ kí oúnjẹ dúró nínú òun. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní àìsàn òyìnbó ni. Ó ṣe èmi náà nígbà tí mo wà ní SS1 n'Ífẹ̀. Ti èmi, mo máa ń jẹun níwájú ìyá mi, màá wá wọ balùwẹ̀, màá ṣí omi kí wọ́n má gbọ́ bí mo ṣe ń bì. Dókítà eyín ló kọ́kọ́ fura, torí ẹ̀yìn eyín iwájú mi ti ń fẹ́lẹ́. Òun ló kọ lẹ́tà sí dókítà ẹbí wa. Ẹ wo oríkèé ìka ọmọ náà bóyá eyín ti dá àpá sí i, torí ìka la máa ń tì bọ ọ̀fun ká lè bì. Ẹ má bá a jà, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo ìgbà tí bàbá mi bá pariwo "jẹun!", ṣe ni ọ̀fun mi máa ń dí.

Nọ́ọ̀sì Tó Fẹ̀yìntì:
Ìyá Aláṣọ, ọ̀rọ̀ dókítà ni. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild níbí, ẹ ní dókítà ìṣègùn ẹbí lẹ fẹ́ rí.

Bí ẹ bá ṣì ní káàdì tí wọ́n fi ń wọn ọmọ náà nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ẹ mú un dání. Iléṣà yìí ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ láti 1956, ní Wesley Guild àti Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí ó ti fi irú káàdì yẹn ṣọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Bí ìlà ìwọ̀n ọmọ lórí káàdì bá ti dẹ́kun gígòkè, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é kí ó tó rù. Ó ń dùn mí gan-an pé ọmọ pé ọdún 5, a ti káàdì bọ àpótí. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún 10 sí 15 tó ń ga tí kò wúwo sí i ti wà nínú ewu, bí ìwọ̀n rẹ̀ ò tilẹ̀ já wálẹ̀. Bí káàdì bá ti sọnù, ẹ mú yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ọdún tó kọjá lọ, kí dókítà rí bó ṣe ṣò mọ́ ọn lára.

Bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa ni kẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún dókítà: ẹ̀bà inú ọ̀rá, suwẹ́tà, nǹkan oṣù. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó wọn ọmọ láìsí bàtà àti suwẹ́tà, kí ó wọn gíga rẹ̀, kí ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tó dùbúlẹ̀ àti nígbà tó bá dìde, kí ó sì bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè dára délẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àìsàn yìí, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn fi yín lọ́kàn balẹ̀.

Ìyá Aláṣọ, Iléṣà:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ó ní òyì kọ́ òun nílé-ìwé láàárọ̀ òní. Ṣé kí n dúró di Mọ́ńdè?

Nọ́ọ̀sì Tó Fẹ̀yìntì:
Rárá o. Nígbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹ fi ìka kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ ka bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Bí kò bá tó 50, tàbí bó bá dákú, ẹmẹ́jẹ́nsì ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lálẹ́ òní. Ẹ má sì tìtorí ẹ̀rù fi iyán rọ ọ́ yó. Ara tí ebi ti ń pa fún ìgbà pípẹ́ lè dàrú bí oúnjẹ bá dédé ya bò ó, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bù ú sí i, tí wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá pàdé yín lẹ́nu géètì láàárọ̀ ọ̀la.