Fọ́tò fífọ̀ ni àbí fọ́tò títẹ̀? Èsì lórí àwọn ọ̀rọ̀ ìdíje ẹgbẹ́ ayafọ́tò Adó-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn èdè.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: akọ̀wé ẹgbẹ́ ayafọ́tò kan ní Adó-Èkìtì ló bẹ̀ wá pé ká bá òun wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí òun yóò fi kọ ìwé òfin ìdíje wọn. Oṣooṣù ni wọ́n ń pàdé. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gbé fọ́tò tó ti wà lórí bébà wá, kì í ṣe èyí tó wà nínú fóònù. Wọ́n á tò wọ́n sórí tábìlì, àlejò kan tó mọ iṣẹ́ náà á sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì fún un ní máàkì. Nígbà mìíràn wọ́n a pe ẹgbẹ́ ìlú mìíràn wá. Kò sí owó níbẹ̀, àwàdà ló pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìkọ̀lé ti fún wọn ní "àwòrán títẹ̀". Àbúrò wa tó wà ní Ìbàdàn ní kí wọ́n máa pe iṣẹ́ náà ní "ìfìmọ́lẹ̀yàwòrán". Ẹnìkẹta ní kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà lẹ́nu aráàlú. Ẹnìkẹta yìí ni mo gbè lẹ́yìn, títí dé ibì kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ohun tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì gan-an. Ẹ̀gbọ́n ní "fọ fọ́tò" ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́, pé láyé kọ̀ǹpútà yìí kò sẹ́ni tó ń fọ fọ́tò mọ́, títẹ̀ la ń tẹ̀ ẹ́ bí ìwé. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ilé tó ń fọ fọ́tò fún àwọn onífọ́tò òde ìnáwó ló ṣì ń lo bébà tí ìmọ́lẹ̀ ń ràn. Léésà ni yóò kọ́kọ́ tan àwòrán sí i lára, lẹ́yìn náà ni bébà á gba inú kẹ́míkà kọjá: àkọ́kọ́ á mú kí àwòrán yọ, èkejì á kó fàdákà tó kù nínú rẹ̀ kúrò, a ó wá ṣàn án kó tó gbẹ. A kì í rí i nítorí pé inú àpótí ẹ̀rọ ló ti ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n fífọ̀ ni. Ẹ̀rọ oníyíǹkì ni kì í fọ nǹkan. Òun náà ò sì tẹ nǹkan! Ńṣe ló ń fín yíǹkì sára bébà ní ẹ̀kán kéékèèké, ihò tí yíǹkì ń gbà jáde kì í kan bébà rárá. Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe la fẹ́ fi sọ ọ́ lórúkọ, "fọ́tò fífín" ló yẹ ká máa wí, ká wá lọ ṣàlàyé fún àwọn tó ń fín igbá pé kì í ṣe iṣẹ́ tiwọn là ń dárúkọ.

A ń tan rédíò, a ń tan kọ̀ǹpútà, kò sì sí òwú fìtílà kankan tó ń jó nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "fọ̀" ṣe wà. Ohun tó tún mú mi dúró lórí rẹ̀ ni pé "tẹ̀" ti níṣẹ́ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, bánà, aṣọ ẹgbẹ́, gbogbo wọn là ń tẹ̀. Ẹ wọ ilé fífọ fọ́tò kan ní Adó, kí ẹ ní "ẹ bá mi tẹ èyí", ẹ wò ó bóyá wọn ò ní bi yín pé ṣé orí bánà ni àbí ara ife. Ẹ ní "ẹ bá mi fọ̀ ọ́", ìwọ̀n nìkan ni wọ́n máa béèrè. Nítorí náà "fọ́tò fífọ̀" ni mo dìbò fún, kó dúró fún gbogbo fọ́tò tó ti di ohun tá a lè fọwọ́ mú, ì báà jẹ́ kẹ́míkà tàbí yíǹkì ló gbé e jáde.

Ẹnì kan bi wá pé kí ló tiẹ̀ dé tá a fi ń yà á sọ́tọ̀, ṣebí àwòrán ṣáà ni àwòrán. Rárá o. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tí kò jìnnà sí ààlà Èkìtì, àwọn tó ṣèwádìí iṣẹ́ fọ́tò níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí mìíràn a máa ní kí onífọ́tò ya èyí tó wà láàyè, kó fọ ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí ìbejì lè pé méjì. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń gba ipò ère ìbejì. Èyí tó wà nínú kámẹ́rà kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Bákan náà, ìdíje tí ẹgbẹ́ Adó ń ṣe, bébà náà wà lára ohun tí wọ́n ń wò: ṣé ó ń dán ni àbí kò dán, ṣé dúdú rẹ̀ dúdú tó, ṣé páálí tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ mọ́.

Àbúrò wa, "ìfìmọ́lẹ̀yàwòrán" rẹ, mo mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, ìmọ́lẹ̀ àti kíkọ, ni òyìnbó so pọ̀ tí wọ́n fi rí orúkọ fún iṣẹ́ yìí, John Herschel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì wà lára àwọn tó mú un gbilẹ̀ ní 1839. Àmọ́ ọkùnrin yìí kan náà, nígbà tó di 1840 tó fẹ́ sọ orúkọ àwòrán tí dúdú rẹ̀ di funfun tí funfun rẹ̀ di dúdú, kò tún forí lé ilẹ̀ Gíríìkì. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ nínú èdè rẹ̀ ló ṣà, ó pè é ní nẹ́gátíìfù, òun náà ló sì wà lẹ́nu àwọn bàbá onífọ́tò wa di òní. Ọgbọ́n ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ni kó o mú. "Fọ́tò yíyà" ti tó wa.

Ti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ńkọ́? "Ayàwòrán" dùn létí, àwọn ìwé ìròyìn sì ń lò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ya nǹkan náà ló ń jẹ́ ẹ. "Onífọ́tò" ni aráàlú mọ̀. Akọ̀wé sọ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan kò fẹ́ ẹ, wọ́n ní ó ń ránni létí ẹni tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn níbi ìnáwó tó ń sá tẹ̀lé olówó kiri. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀ràn ìtumọ̀, ọ̀ràn ìgbéraga ni. Olówè ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkéré, tí wọ́n gbé dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, tó sì wà ní British Museum di bí mo ṣe ń wí yìí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Olówè kí ilẹ̀kùn náà tó wọkọ̀ ojú omi, gbẹ́nàgbẹ́nà náà ni lẹ́yìn tó gúnlẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìwé òfin, "onífọ́tò" lè jẹ́ ẹni tó yà á, ẹni tí wọ́n yà sínú rẹ̀, tàbí ẹni tó fọ̀ ọ́, òfin kò sì fẹ́ irú ìyẹn. Èyí ló jẹ́ kí n gba "ayafọ́tò" tí wọ́n fi sórúkọ ẹgbẹ́ wọn. Kò sí àwíjàre níbẹ̀: ó ya fọ́tò, ayafọ́tò ni.

Ní ti ìdíje, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka "ìfàwòránwọnwòrán" tí ẹnì kan dá lábàá. Ọ̀nà tí àwọn oníròyìn eré ìdárayá gbà ṣẹ̀dá "ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀" ló tọ̀, ó sì tọ̀ ọ́ dáadáa: ẹsẹ̀ ni wọ́n fi wọn ẹsẹ̀, àwòrán ni yóò wọn àwòrán. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé kò ṣeé ṣe pẹ̀lú "fọ́tò". Fáwẹ̀lì ló bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ àti àwòrán, ó ṣeé pa jẹ. Kọ́ńsónáǹtì ló bẹ̀rẹ̀ fọ́tò, yóò di "ìfifọ́tòwọnfọ́tò", èyí tó dà bíi pé èèyàn ń kólòlò. (Ní ẹnu wa ní Èkìtì, ù ni yóò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwa tá a ń pe ilé ní ulé, tá a pe ọdún ìdí ìrókò ní Ùdìrókò, kò sí bá a ṣe fẹ́ pè é tí kò ní di "ùfàwòránwọnwòrán".) Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ọjọ́ tí ẹgbẹ́ méjì bá pàdé, tí ẹgbẹ́ Adó bá gbàlejò ẹgbẹ́ Ìkéré, bí àpẹẹrẹ. Ti oṣooṣù láàárín ara wọn, "ìdíje" ti tó. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kó hàn pé kò sí ìjà níbẹ̀, "ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́" tí àwọn oníbọ́ọ̀lù ń lò ti wà nílẹ̀. Ìdíje ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti nípọn ni ti àlejò tó ń sọ̀rọ̀ lórí fọ́tò. Àwọn mẹ́rin ló ti kọ̀wé lé e, kò sì sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn tán. "Adájọ́" ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ mú. Kóòtù ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀: ẹnì kan jàre, ẹnì kan jẹ̀bi, ilé parí. Iṣẹ́ ẹni yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní "Omi" ni àkòrí oṣù, tí ẹnì kan gbé fọ́tò Ikọ̀gòsì wá, ojú ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Ó ti jẹ́ kí ojú kámẹ́rà pẹ́ ní ṣíṣí, omi wá fẹ́lẹ́ bí òwú. Àlejò á ní: "Omi yìí dára, ẹni tó yà á lo ẹsẹ̀ mẹ́ta kámẹ́rà, òkúta ò mì. Àmọ́ apá ẹni tó dúró létí ọ̀tún yẹn, wọ́n gé e sí ìgbọ̀nwọ́, ibẹ̀ lojú mi ń gbà jáde kúrò nínú fọ́tò." Kí la ó pe ohun tó ṣe yẹn?

Àwọn kan ní "àríwísí". Bí a bá tú u, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀: ohun tá a rí la wí sí. Ṣùgbọ́n ẹ pe ẹnì kan ní alárìíwísí lọ́jà, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti rọ̀ sí ìhà àléébù, ìtumọ̀ tó wà lẹ́nu ló sì ń jọba lórí èyí tó wà nínú ìtúpalẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tuntun tó bá ka "àríwísí" nínú ètò ìpàdé, ó lè má gbé fọ́tò kankan wá.

Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ wa ti ní "lámèyítọ́": là á, kí o mọ èyí tó tọ́. Ohun tí àlejò yẹn ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyí. Ó la fọ́tò, ó fi ohun tó dúró hàn, ó fi ibi tó yẹ̀ hàn, ó sì sọ ìdí. Ẹnì kan tako mi lórí èyí pé ìwé ni lámèyítọ́ wà fún. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kò sí "ìwé" nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí "ewì" níbẹ̀. Kí ẹgbẹ́ máa pe ọ̀rọ̀ àlejò ní lámèyítọ́, kí àlejò fúnra rẹ̀ máa jẹ́ alámèyítọ́. Máàkì tó ń fúnni, ẹ fi sílẹ̀ ní máàkì. "Olùgbéléwọ̀n" tí ọ̀gá wa kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga mú wá dára fún ìdánwò, ṣùgbọ́n ìwọ̀n nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ sísọ. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 20 ni máàkì tó ga jù, alámèyítọ́ a sì máa yọ àwọn fọ́tò tó wù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tún wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó fún wọn ní tiwọn. "Àtúnwò" bá ìyẹn mu. "Fọ́tò mi wọ àtúnwò" á dùn ún fi yangàn délé.

Ìpín ìdíje tó wà fún fọ́tò tí kò ní àwọ̀: "dúdú àti funfun" ni gbogbo ayé ń wí, mi ò sì ní bá wọn jà. J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní 1968, dúdú àti funfun ló fi yà wọ́n. Ọ̀ràn òfin ló wà níbẹ̀. FIAP, àpapọ̀ ẹgbẹ́ ayafọ́tò lágbàáyé, gbà kí fọ́tò tí wọ́n fi àwọ̀ kan ṣoṣo kùn látòkè délẹ̀ wọ ìpín yẹn pẹ̀lú, bí irú àwọn fọ́tò àtijọ́ tó pọ́n rúsúrúsú. Ojú Yorùbá kò ní pe ìyẹn ní dúdú, kò sì ní pè é ní funfun. "Aláwọ̀ kan" tí wọ́n dá lábàá kò sì ràn wá lọ́wọ́, torí ẹni tó gbọ́ ọ lè rò pé àwọ̀ kan báyìí ló wà nínú rẹ̀. "Aláwọ̀-ẹyọ-kan" ni kí wọ́n kọ sínú òfin, kí wọ́n máa sọ dúdú àti funfun lẹ́nu.

Àwọn tó kù kò gbọdọ̀ gba àkókò wa. Páálí ni páálí. Èyí tí wọ́n gbẹ́ àárín rẹ̀ jáde kí fọ́tò lè yọjú, ẹ pè é ní páálí olójú. Fèrèmù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Fún gígé ẹ̀gbẹ́ fọ́tò, "gé etí" tí àwọn tó ń fọ fọ́tò ń sọ ló dára jù, ó sì yẹ kí òfin ṣàlàyé ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀: fọ́tò tó ń jáde nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà jẹ́ 3 ní gígùn sí 2 ní ìbú, nítorí náà 8 sí 12 íǹṣì ló gbà á láìṣẹ́kù, bí ayafọ́tò bá ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ sí 8 sí 10, íǹṣì 2 ti lọ nìyẹn, orí ẹnì kan sì lè bá a lọ.

Ìbéèrè kan ló kù, ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti ṣí sítúdíò rí ní Ìjerò, Ìkọ̀lé tàbí Ẹ̀fọ̀n ni mo sì fẹ́ kí ẹ dáhùn rẹ̀. Láyé nẹ́gátíìfù, wọ́n a máa fi pẹ́ńsùlù tó mú ṣóńṣó tún ojú èèyàn ṣe lára rẹ̀, kí ìhunjọ àti àpá má bàa hàn. Orúkọ wo ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn? Akọ̀wé fẹ́ ọ̀rọ̀ fún irú àtúnṣe tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe báyìí, kó lè kọ iye èyí tí òfin fàyè gbà. Ẹ má tíì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan fún un, àfi tí ẹ bá ti bi àwọn bàbá náà.