Fóònù oníbọ́tìnnì tí mo rà fún Màámi ń ṣe WhatsApp ṣùgbọ́n kò ṣe fídíò kọ́ọ̀lù, ẹ gbà mí o

OmoWaaso, 6 oṣù kẹwàá 2024

Ẹ ǹlẹ́ níbí o ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Màámi ń ta èlùbọ́ àti láfún lọ́jà Wàásò níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Lọ́dún 2021 mo ra Android fún wọn, wọn ò lò ó tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi dá a padà fún mi, wọ́n ní fóònù náà ń ya ìyàkuyà, pé àwọn á tẹ ibi kan á gbé àwọn lọ síbi tí àwọn ò rán an, nígbà míì àwọn á tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ kò ní dáhùn rárá. Ni mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Takie, bọ̀dá tó wà níbẹ̀ gbé eléyìí jáde, ó ní bọ́tìnnì ló wà lára ẹ̀, ó ní tọ́ọ̀ṣì, bátìrì ẹ̀ kì í tètè kú, "ó sì tún ń ṣe WhatsApp." KaiOS, ìyẹn ètò tó ń mú fóònù náà ṣiṣẹ́ bí Android, ló máa ń hàn lójú ẹ̀ tá a bá tàn án. Ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn ni mo gbọ́ tí mo fi kówó sílẹ̀, ká má parọ́.

Lóòótọ́ ló ń ṣe é. Fọ́ọ̀tò ń wọlé, fóìsì nóòtì ń wọlé, kódà èèyàn lè pe Màámi lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Toronto bímọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ṣègbéyàwó o, ẹ ṣáà mọ bí ìyẹn ṣe máa rí lára ìyá àgbà. A ti fi fọ́ọ̀tò ránṣẹ́ títí, Màámi ní "fọ́ọ̀tò ò kúkú mira, ṣé ère ni wọ́n bí ni?" Wọ́n fẹ́ rí i kí ọmọ náà máa yán, kó máa ju ẹsẹ̀. Mo ti tú gbogbo inú fóònù yìí wò, n ò rí ibi tí fídíò kọ́ọ̀lù wà. Ẹ̀gbọ́n mi náà tún ń pariwo FaceTime FaceTime, ìyẹn fídíò kọ́ọ̀lù ti Apple, torí iPhone lòun ń lò.

Ẹ jọ̀ọ́ ṣé nǹkan kan wà tí mo lè dáńlóòdù sí i ni? Àbí bọ̀dá yẹn ló lù mí ní jìbìtì?

Boda_UnderG

Àpúdéètì ni o ò tíì ṣe. Lọ sí settings, ṣe àpúdéètì ẹ̀. Tó bá kọ̀, wá GB WhatsApp sí i, kò sí ohun tí ò sí nínú GB, èmi ti ń lò ó ó ti pẹ́.

Alatunse_Foonu

Ẹ̀gbọ́n Under G, ẹ rọra o, ẹ má kó ìyá oníyàá sí wàhálà. GB tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn, Android ni wọ́n ṣe é fún, KaiOS ò lè gbé e, èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé àwọn tó ni WhatsApp gan-an kọ́ ló ṣe é, wọ́n sì máa ń ti nọ́ńbà àwọn tó bá ń lò ó pa. Nọ́ńbà tí gbogbo oníbàárà èlùbọ́ ti mọ̀ mọ́ ìyá láti ọdún gbọọrọ, ẹ fẹ́ kí wọ́n tì í pa? Ó tì o.

OmoWaaso, iṣẹ́ fóònù títúnṣe ni mò ń ṣe jẹun, irú fóònù yìí sì ti gba ọwọ́ mi kọjá lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó tà á fún ẹ ò parọ́, kò kàn sọ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀ ni. Orí ètò fóònù kan tó ń jẹ́ Firefox OS láyé àtijọ́ ni wọ́n gbé KaiOS lé, ọdún 2019 ni WhatsApp wá wọ ọ̀pọ̀ fóònù KaiOS, títí kan àwọn tí RAM wọn, ìyẹn ìrántí tí fóònù fi ń ṣiṣẹ́, ò ju 256MB lọ. Ìwọ wo 256MB o! Ọ̀rọ̀ kíkọ wà níbẹ̀, fóìsì nóòtì wà, nígbà tó yá wọ́n fi ìpè ohùn kún un. Fídíò kọ́ọ̀lù ò débẹ̀ rí. Kì í ṣe pé ó fara pamọ́ síbì kan nínú ménù, wọn ò ṣe é sí i ni, tó o bá ń ṣe àpúdéètì di ọdún tó ń bọ̀ o ò ní rí i.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù pé ṣebí ó ń ṣí YouTube, kí ló dé tí ò lè ṣe fídíò kọ́ọ̀lù. Ẹ gbọ́, kéèyàn wo YouTube, gbígbà nìkan ni. Tó bá di fídíò kọ́ọ̀lù, fóònù á máa ya àwòrán ẹ, á máa fún un pọ̀ kó lè kéré, á máa fi ránṣẹ́, lẹ́sẹ̀ kan náà á máa gba ti ẹni kejì wọlé, á máa tú u, á máa gbé e sójú ẹ, á tún máa ṣọ́ ohùn kó má baà sáré ju ẹnu lọ. Kéèyàn máa fọwọ́ kan gúnyán kó máa fi ìkejì rokà ni. Ṣíìpù inú fóònù kékeré yẹn ò lágbára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Tún yí fóònù Màámi wò. Ẹ̀yìn nìkan ni kámẹ́rà wà, àbí? Ká tiẹ̀ ní a rí ọgbọ́n dá sí ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn, tí Màámi bá kọjú sí kámẹ́rà kí wọ́n lè rí wọn, àwọn ò ní rí ọmọ, tí wọ́n bá sì ń wo ọmọ, àpò láfún ni wọ́n á máa wò ní Toronto. Nokia N70 ti ní kámẹ́rà iwájú láti 2005 o, iPhone gan-an ò ní in àfìgbà tí iPhone 4 jáde lọ́dún 2010. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe tipẹ́, kí owó fóònù kékeré má baà gòkè ni wọn ò ṣe fi sára ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kó o tètè gbọ́ ni pé láti 25 oṣù kẹfà ọdún 2024 yìí, kò sẹ́ni tó lè dáńlóòdù WhatsApp tuntun sórí KaiOS mọ́, wọ́n sì ti kéde pé ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni ti àwọn tó ti wà nínú fóònù náà máa kásẹ̀ nílẹ̀. Torí náà má ṣe rísẹ́ẹ̀tì fóònù yẹn o, tí WhatsApp bá fi lè kúrò nínú ẹ̀, ó lọ nìyẹn.

Ní ti FaceTime, Apple ló ni ín, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí iOS 15, ètò inú iPhone, jáde lọ́dún 2021, ẹ̀gbọ́n ẹ lè fi líǹkì ránṣẹ́, kí ẹni tó ní Android fi Chrome ṣí i. Android ni mo wí o, tìẹ kọ́.

OmoWaaso

Háà. Àyà mi já. Ẹ ṣeun ọ̀gá, ó ti wá yé mi báyìí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Android náà ni mo máa padà sí, Màámi ò ní gbà. Wọ́n ti ní fóònù náà kórìíra àwọn.

Kekere_Ekun

Tèmi yàtọ̀ sí ti yín. Àbúrò mi obìnrin wà ní Dubai, a jọ ní Android tó dáa, WhatsApp wa ń gbé ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ìpè ò lọ rárá. A ti pààrọ̀ síìmù, a ti pààrọ̀ fóònù, àṣé wọ́n kì í gba ìpè WhatsApp láyè lọ́hùn-ún ni! Áàpù ìpè kan tó ń jẹ́ Botim la wá ń lò báyìí.

Boda_UnderG

Kánádà ni wọ́n wí o.

Kekere_Ekun

Mo mọ̀, mo kàn ń sọ ọ́ ni. Ṣé GB ni kí n sọ?

Omo_Akesan

OmoWaaso, Màámi yín ò parọ́ mọ́ fóònù yẹn o, ó kórìíra wọn lóòótọ́! Èmi Ọ̀yọ́ ni mo wà, iṣẹ́ igbá fínfín ni bàbá ọkọ mi ṣe dàgbà, ohun tí Màámi yín wí gan-an làwọn náà wí. A ń bínú sí wọn pé wọn ò fẹ́ kọ́ ọ, àfìgbà tí ọmọ mi jókòó tì wọ́n tó ṣàkíyèsí pé wọ́n ń tẹ ibi tó yẹ, fóònù ni ò gbọ́. Iná kékeré tó wà lára èèyàn ni gíláàsì yẹn fi ń mọ̀ pé ọwọ́ kàn án, ọwọ́ tó bá ti gbẹ tó ti le bí awọ, ó máa ń ṣòro fún un láti mọ̀. Ẹ wá fi ìyẹ̀fun láfún lé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ tútù nu ọwọ́ díẹ̀ ná, kí wọ́n fi ibi tó lẹ́ran lórí ìka tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ṣóńṣó ìka níbi tí èékánná wà.

Ti pé ó ń gbé wọn lọ síbi tí wọn ò rán an, ìyẹn náà nídìí. Bọ́tìnnì ló kọ́ àwọn àgbà pé kéèyàn tẹ nǹkan kó le. Orí Android, tó o bá ti tẹ̀ ẹ́ tó o dúró lé e, nǹkan míì ló máa ṣí. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ Accessibility, ẹ wá Touch and hold delay, ẹ fi sí Long. Ọjọ́ tá a ṣe ìyẹn fún Bàbá ni wàhálà ti dín kù.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ kó gbogbo pàǹtí kúrò lójú fóònù. Tiwọn, ọmọ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, àwòrán kálukú wọn ni, torí WhatsApp ní ibi téèyàn ti lè gbé ẹnì kan wá sí ojú fóònù gangan. Wọ́n á tẹ orí ọmọ tí wọ́n fẹ́ rí, wọ́n á tẹ àmì kámẹ́rà, ó parí. Gbígbe ìpè ló pẹ́ jù kí wọ́n tó mọ̀, torí fífà ni wọ́n ń fà á lọ sókè, wọn ò rí bọ́tìnnì tí wọ́n ń fà rí láyé wọn. Mo ní kí wọ́n ṣe bí ìgbà tí wọ́n ń fa ọ̀bẹ lára igbá. Ìgbà yẹn ló yé wọn.

Alatunse_Foonu

Àǹtí Akẹ̀sán ti sọ gbogbo ẹ̀, mo gbà fún wọn. Tèmi ò ju méjì lọ. Tó o bá máa ra tòkúnbọ̀, má gba èyí tó ti gbó jù, láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni WhatsApp ti ní Android 5.0 sókè ni òun ń bá ṣe. Ìkejì, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ Storage and data nínú WhatsApp kó o tan Use less data for calls, àwòrán á dín lẹ́wà díẹ̀ ṣùgbọ́n dátà ò ní jó bí epo.

OmoWaaso, 27 oṣù kẹwàá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ra tòkúnbọ̀ kan ní ₦58,000, mo ṣe é bí Àǹtí Akẹ̀sán ṣe wí, orí ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wà lójú ẹ̀. Ọjọ́ méjì la fi kọ́ fífà sókè. Lánàá láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago mọ́kànlá àárọ̀ tiwọn nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi pè, Màámi ò gbé e, wọ́n ní kí n sọ fún un kó dúró, àwọn fẹ́ lọ wé gèlè. Ó dúró o.

Wọ́n rí ọmọ. Wọn ò kí ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò kí ìyàwó, oríkì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, Àkànjí, Àkànjí, wọ́n ń ki ọmọ lọ wọ́n ń sunkún. Ibi tó dùn jù ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti há, àwòrán dúró sójú kan, ọmọ yanu sílẹ̀. Màámi ò mọ̀, wọ́n ń bá oríkì wọn lọ, nígbà tó ṣe wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní "o ò rí i bó ṣe ń tẹ́tí, kò tiẹ̀ mira." N ò lè sọ fún wọn. Mo jẹ́ kí wọ́n kì í tán kí n tó tún un pè.

Fóònù kékeré yẹn ṣì wà lábẹ́ ìró wọn lọ́jà, òun ni wọ́n fi ń dá oníbàárà lóhùn. Wọ́n ní èyí tó ń fojú rí èèyàn yẹn, ilé ni kó máa gbé.