Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ màámi: fítámì B12 ló dín kù lára wọn o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi tí mo béèrè nípa màámi ní Múṣin nìyí, tí ẹsẹ̀ wọn ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, tí sílípáàsì á bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn wọn ò ní mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká yẹ B12 wò torí metformin tí wọ́n ti ń lò fún àtọ̀gbẹ ọjọ́ pẹ́, ẹ ṣeun, òun gan-an ni. A ṣe tẹ́ẹ̀sì ní Yaba, ó ti lọ sílẹ̀ gan-an. Metformin kì í jẹ́ kí ìfun gba B12 dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì rèé ara nílò ẹ̀ láti tọ́jú ohun tó bo nẹ́ẹ̀fù, ìyẹn iṣan tó ń jẹ́ ká mọ nǹkan lára, bí rọ́bà ṣe bo wáyà iná.

Folic acid, oògùn ẹ̀jẹ̀ tẹ́nì kan ní ká lò, dókítà ní kò gbọdọ̀ dá ṣe é: ẹ̀jẹ̀ á máa dára, àmọ́ nẹ́ẹ̀fù á ṣì máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀, torí iṣẹ́ méjì ni B12 ń ṣe lára, ọ̀kan ṣoṣo ni folic acid bá a dá sí. Kíki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná náà, ẹ má dán an wò rárá, màámi ò mọ̀ pé ó ń jó wọn, awọ ẹsẹ̀ ti ń bó ká tó rí i.

Abẹ́rẹ́ B12 ni wọ́n ń gbà, 1,000 microgram, níbẹ̀rẹ̀ wọ́n á gbà á lónìí, wọ́n á sinmi lọ́la, ó ti di oṣooṣù báyìí. Wọn ò dá metformin dúró o. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ṣì kú tipiri, dókítà ní àtọ̀gbẹ náà lè wà lára ohun tó fà á. Àmọ́ ní Sátidé, lọ́nà ọjà, màámi dúró, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gbọ̀n ọ́n, òkúta kékeré kan jábọ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n lára! Omi bọ́ lójú mi.