Kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa ò tàn mọ́, Sátidé yìí la fẹ́ pín owó

Ìyá Bọ́láńlé (Ìtòkú), alẹ́ Ọjọ́rú:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹ má bínú pé òru ni mo ń dà yín láàmú, mi ò rí oorun sùn láti ọjọ́ Ajé. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ò tàn mọ́. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, èyí tí àpótí rẹ̀ wà lọ́tọ̀ tí ojú rẹ̀ náà wà lọ́tọ̀. Tòkunbọ̀ la rà á, ó sì ti pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò já wa kulẹ̀ rí.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Akápò wa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yàn mí ní akọ̀wé ló ti ń wá ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀. Lánàá, níwájú àwọn oníbàárà tó wá ra àdìrẹ láti Èkó, ó ní ẹni tó bá ti jẹ owó ẹgbẹ́ ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa ń ṣàdédé bàjẹ́. Níwájú oníbàárà! Èmi tí mo ń fi owó ara mi ra pépà, tí mo ń fi epo jẹnẹrétọ̀ mi tẹ àkọsílẹ̀ wọn. Àbúrò mi ọkùnrin tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ní òun ò ráyè. Ṣèbí èmi ni mo rán an nílé ìwé.

Kí ló ń fa kí kọ̀ǹpútà má tàn? Ẹ gbà mí o.

Màmá Ìyanu (Lafẹ́ńwá):
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á bá yín ṣẹ́gun ẹlẹ́nu burúkú. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lákòókò ọyẹ́, eruku ló wọ inú rẹ̀. Wọ́n yọ RAM, pátákó pẹlẹbẹ tó jẹ́ ìrántí kọ̀ǹpútà, wọ́n fi rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ ra eyín rẹ̀, wọ́n dá a padà, ló bá tàn.

Ọmọ Aláàbàtà:
Windows, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló ti kú. Ṣé Windows 7 ló wà lórí ẹ̀? Microsoft ti dáwọ́ dúró lórí ìyẹn láti January 2020. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ́ọ̀mátì ẹ̀, kí wọ́n fi tuntun sí i. Kò ju wákàtí méjì lọ.

Dèjì Oníkọ̀ǹpútà (Pànṣẹ́kẹ́):
Ẹ kú ìrọ́jú mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mátì. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ṣé iná kékeré iwájú àpótí ń tàn? Ṣé ẹ ń gbọ́ fáànù? Ṣé ó ń ké píì-píì? Ẹ ní "kò tàn", oríṣi "kò tàn" ló pọ̀. Ojú lè ṣókùnkùn kí àpótí sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́. Tó bá ń ké, RAM tí Màmá Ìyanu sọ la máa kọ́kọ́ wò. Tí kò bá ṣe nǹkan kan rárá, ọ̀nà míì nìyẹn.

Ìyá Bọ́láńlé:
Màmá Ìyanu, ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ ohun tó wà nínú mi. Akápò yẹn tún ti sọ ọ́ dé ọ̀dọ̀ Alága. Ọdún 12 ni mo ti ń pọ aró, kò sẹ́ni tó bá mi du kọ́bọ̀ rí.

Bàbá Ìbarà:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ àná o. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé la kọ́kọ́ ń lò. Bí ó bá há, o rí ibi tó há, o fi ọwọ́ tú u. Nígbà tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà dé, èmi ni mo ní kí wọ́n ra UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ, mọ́ ọn, torí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí kì í dára fún un. Ṣé ẹ lo UPS?

Tísà Aṣẹ̀rò:
Ìyá Bọ́láńlé, ẹ má bínú sí mi. Èèyàn mélòó ló wà nínú ẹgbẹ́ yín? Owó gbogbo wọn wà nínú àpótí kan ṣoṣo, ẹ ò sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbì kankan? Kì í ṣe Akápò ló yẹ ká máa bá wí lálẹ́ yìí.

Ìyá Bọ́láńlé:
Tísà, ẹ̀dà wà o. Mo ní flash, Bọ́láńlé ló mú un lọ sílé ìwé tó fi gba fíìmù sí i. Àwa 43 la wà nínú ẹgbẹ́. Ìwé ńlá la ń lò tẹ́lẹ̀, àwọn fúnra wọn ló pinnu ní 2019 pé ká pa á tì. Mi ò dá ṣe é. UPS wà nígbà kan, bátìrì rẹ̀ ti kú.

Ọmọ Aláàbàtà:
Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Mo ti ṣe ti ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta.

Dèjì Oníkọ̀ǹpútà:
Àbúrò, ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yẹn ń tàn kí o tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ tí fáànù rẹ̀ ò bá yí, kò tíì débi tí Windows wà. Bí ilẹ̀kùn ò bá ṣí, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé àga inú yàrá ti ṣẹ́? Mà, mo ṣì ń retí ìdáhùn yín lórí fáànù.

Ọmọ Aláàbàtà:
Kò sọ pé fáànù ò yí. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Dèjì Oníkọ̀ǹpútà:
Ìdí tí mo fi ń bèèrè nìyẹn.

Ìyá Bọ́láńlé:
Ẹ má jà nítorí mi. Kò dún, kò yí, iná iwájú kò tàn. Bí òkúta ló rí. Ẹni tí mo gbé e fún náà ní Windows ni, bíi ti ọmọ yìí. ₦8,000 ló ní kí n mú wá, mo ti fún un ní ₦4,000. Ó ní tó bá di àárọ̀ ọ̀la òun á fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Àbí fọ́ọ̀mátì máa ń pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ ni?

Dèjì Oníkọ̀ǹpútà:
Mà, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ pè é lórí fóònù nísinsìnyí. Ẹ ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó máa pa orúkọ gbogbo ènìyàn 43 yẹn rẹ́.

Tísà Aṣẹ̀rò:
Yéè! Ẹ pè é, Ìyá Bọ́láńlé. Tí kò bá gbé e, kí ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó tó dé láàárọ̀.

Ọmọ Aláàbàtà:
Ẹ má bínú mà. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ wà nínú ẹ̀ láìsí ẹ̀dà. Ẹ má jẹ́ kó ṣe é.

Alábòójútó:
Ẹ jọ̀ọ́, kí a má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tiwa tó bàjẹ́ rí kún ojú ewé yìí mọ́ títí ìyá á fi padà wá.

Ìyá Bọ́láńlé, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀:
Kò gbé fóònù lóru. Aago mẹ́fà àbọ̀ ni mo débẹ̀. Mo ti gbé e padà, kò tíì ṣe nǹkan kan sí i. Ó bínú, kò dá ₦4,000 mi padà, kó máa lọ. Àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Dèjì Oníkọ̀ǹpútà:
Ọlọ́run ṣeun. Ẹ sọ fún mi báyìí: lọ́jọ́ tó kú gan-an, kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ẹ má fo nǹkan kan.

Ìyá Bọ́láńlé:
Ọjọ́ Àbámẹ́ta la kun ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbé àpótí náà kúrò, ó nù ún tinú-tẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Ajé mo tì í bọ iná, mo tẹ̀ ẹ́, ó dún gbàù bí ìgbà tí wọ́n ju ìbọn báńgà. Òórùn kan jáde tẹ̀ lé e. Mi ò kà á kún, torí kọ́sítíìkì àti àwọn kẹ́míkà aró tiwa náà ń rùn nínú ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́.

Dèjì Oníkọ̀ǹpútà:
Ẹ yí ẹ̀yìn àpótí náà síta, ẹ má tì í bọ iná o. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ń wọ̀, bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà tí a lè fi ìṣó tì sọ́tùn-ún sósì. Nọ́ńbà wo ló hàn lórí rẹ̀?

Ìyá Bọ́láńlé:
115.

Dèjì Oníkọ̀ǹpútà:
Òun nìyẹn. Iná ti Nàìjíríà jẹ́ fóòtì 230, irú iná ti Amẹ́ríkà ni 115 wà fún. Ìgbà tí ọmọ ń nù ún ni aṣọ ti bọ́tìnnì yẹn. Ẹ wá tì í bọ iná tó jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tó ń retí, ló bá fọ́ nínú power pack, ẹ̀yà tó ń pín iná fún gbogbo inú àpótí. Kò kan Windows, kò kan RAM. Ohun tó ń gbà mí lọ́kàn ni hard disk, ibi tí iṣẹ́ yín wà nínú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé nǹkan kan ò ṣe é, torí power pack ló sábà máa ń gba ìyà yẹn sára.

Ẹ má ra power pack míì kí ẹ kàn so ó mọ́ ọn láti fi dán an wò. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ hard disk, kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà míì, kí wọ́n kó iṣẹ́ yín jáde. Kí ẹnikẹ́ni má sì tú power pack tó jóná yẹn, iná máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ wáyà.

Ìyá Bọ́láńlé:
Ọmọ yẹn ti ń sunkún níbí. Mo ní kó sinmi, èmi ni mo ní kó nù ún.

Tísà Aṣẹ̀rò:
Ẹ gbé e wá sílé ìwé mi lẹ́yìn aago méjì. A ní kọ̀ǹpútà, a sì ní okùn tí a fi ń so hard disk mọ́ ọn. Ẹ mú Akápò yín dání, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Màmá Ìyanu:
Tísà, ẹ jẹ́ kí obìnrin yẹn jókòó sílé rẹ̀!

Ìyá Bọ́láńlé:
Rárá, Màmá Ìyanu. Mà á mú un dání.

Ìyá Bọ́láńlé, alẹ́ Ọjọ́bọ̀:
Ó wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, títí dé owó tí wọ́n dá lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Tísà kó o sórí flash méjì, ó tún tẹ̀ ẹ́ jáde, ojú ewé mẹ́sàn-án. Akápò ka orúkọ tirẹ̀, ó ka iye tó wà níwájú rẹ̀, ó tún un kà, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé Kútọ̀, ó san owó ọkọ̀ mi. Flash kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Dèjì ọmọ mi, o ò ní ráhùn ọmọ. Ṣé mo lè gbé àpótí náà wá sí Pànṣẹ́kẹ́ lọ́jọ́ Ajé?

Dèjì Oníkọ̀ǹpútà:
Àmín o, ìyá mi. Ẹ gbé e wá mà, mà á bá yín wá power pack tó ń mọ iná fúnra rẹ̀, tí kò ní bọ́tìnnì pupa. Ẹ mú wáyà iná rẹ̀ dání.