Ilé tí a fẹ́ rà ní Girne: màmá kan wá, wọ́n ní ilé bàbá àwọn ni

Ìyá Moyọ̀: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, mi ò lè dá a rò.

Ọdún kẹfà rèé tí èmi àti Bàbá Moyọ̀ ti ń gbé ní Girne, ní àríwá Sáípírọ́ọ̀sì (Kípírù inú Bíbélì, ìlú Bánábà). Apá àwọn Tọ́kì ni àríwá, àwọn Gíríìkì ló wà ní gúúsù. Ẹ̀kọ́ la bá wá, iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ló dá wa dúró. Ìlú náà dùn-ún wò, mi ò ní purọ́. Tí mo bá ṣíwọ́, etí èbúté àtijọ́ ni mò ń gbà lọ sílé: ilé olókùúta tò yí omi ká, odi ńlá àwọn ará àtijọ́ sì wà lápá kan. Inú odi yẹn ni wọ́n kó ọkọ̀ ojú omi kan sí tó ti rì láti nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn, tòun ti ìkòkò wáìnì bíi 400.

Ìyá onílé wa, Tọ́kì ni wọ́n, Teyze (àǹtí ní èdè wọn) là ń pè wọ́n, fẹ́ ta ilé tí à ń gbé fún wa. Yàrá méjì ni, igi lẹ́mọ́ọ̀nù kan wà lẹ́yìn. Ká san díẹ̀ sílẹ̀, ká máa san ìyókù lóṣooṣù.

Sátidé tó kọjá, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Màmá àgbà kan ni àti ọmọ wọn ọkùnrin, Gíríìkì. Ọmọ náà fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ mí pé ilé yìí ni ìyá òun dàgbà sí kí wọ́n tó sá jáde ní 1974, ṣé wọ́n lè wọlé fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní kí wọ́n wọlé. Màmá ò wo àga, wọn ò wo tẹlifíṣọ̀n. Ilé ìdáná ni wọ́n gbà lọ tààrà, wọ́n fọwọ́ pa ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí ọ̀dà ti bó. Ọ̀dà búlúù kan wà lábẹ́ tiwa. Wọ́n ní bàbá àwọn ló kùn ún. Wọ́n já lẹ́mọ́ọ̀nù méjì, wọ́n dúpẹ́, ó di ilé.

Láti ọjọ́ náà, mi ò lè fọ abọ́ kí n má wo ògiri yẹn. Ká san owó yìí àbí ká má san án?

Ọmọ Aláké: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀! Ẹ kọ́kọ́ béèrè koçan, ìwé ilé wọn. Tó bá jẹ́ Türk koçan, ọwọ́ Tọ́kì ni ilẹ̀ náà ti wà kó tó di 1974, ẹ fọkàn balẹ̀, àmọ́ ó máa ń wọ́n. Tó bá jẹ́ eşdeğer, wọ́n fi dípò ilé tí Tọ́kì kan fi sílẹ̀ ní gúúsù ni. Tahsis, ìjọba àríwá ló kàn pín in. Nínú méjì ìkẹyìn yìí, Gíríìkì ló ṣì nilé lójú òfin ìjọba gúúsù, òun sì ni gbogbo ayé mọ̀. Èyí tí wọ́n kéde ní àríwá ní 1983, orílẹ̀-èdè Tọ́kì nìkan ló kà á sí ìjọba.

Baddo Mówé: Ọmọ onílẹ̀ tó wọlé, tó já lẹ́mọ́ọ̀nù, tó sì dúpẹ́! Tiwa níbí ì bá ti yọ ilẹ̀kùn lọ 😂

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Baddo, fi eré sílẹ̀. Ìyá Moyọ̀, tọkọtaya òyìnbó kan láti Ìlú Ọba, àwọn Orams, kọ́lé sí Lapta lẹ́bàá yín. Gíríìkì tó nilẹ̀, Apostolides, pè wọ́n lẹ́jọ́ ní gúúsù, ó sì jàre. Wọ́n rò pé ìdájọ́ yẹn ò lè dé Ìlú Ọba. Ní 2009 ilé ẹjọ́ Yúróòpù ní ó dé ibẹ̀, ní 2010 kọ́ọ̀tù London náà fọwọ́ sí i. Titina Loizidou, ọmọ Girne gan-an, pe ìjọba Tọ́kì lẹ́jọ́ nítorí ilẹ̀ rẹ̀, ó jàre ní 1996. 2003 ni wọ́n tó sanwó fún un. Ẹjọ́ ilé ibẹ̀ kì í kú.

Ìyá Ìbejì Lefkoşa: Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, àmọ́ ẹ má sọ Teyze di olè. Níbo ni wọ́n ti wá?

Ìyá Moyọ̀: Limasol, mà. 1975 ni wọ́n kó wọn wá.

Ìyá Ìbejì Lefkoşa: Ṣé ẹ rí i? Gúúsù nìyẹn. Àwọn náà fi ilé sílẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ ní 1974. Láti ìparí 1963 ni Gíríìkì àti Tọ́kì ti ń pa ara wọn, tí ọ̀pọ̀ Tọ́kì sá kúrò ní abúlé wọn, tí wọ́n há mọ́ àdúgbò kéékèèké. Ní July 1974, àwọn ṣọ́jà tó fẹ́ fa erékùṣù náà mọ́ ilẹ̀ Gíríìsì gbàjọba. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀ ni ṣọ́jà Tọ́kì gúnlẹ̀ sétí òkun, ní ìwọ̀ oòrùn Girne níbẹ̀ yẹn, ni Gíríìkì àríwá bá sá lọ sí gúúsù. Níbi tí ẹ ti ń lúwẹ̀ẹ́ lónìí.

Àkànbí: Ilé bàbá mi jóná nínú ìjà Ifẹ̀ àti Modákéké. Mi ò ní sọ apá ibi tí mo wà. Ẹni tó kọ́lé síbẹ̀ báyìí ò mọ nǹkan kan nípa ìjà, ó máa ń kí mi dáadáa. Mi ò tíì lè dá a lóhùn. Ẹ má rà á.

Ìyá Moyọ̀: Ẹ ṣeun, gbogbo yín. A ti rí koçan. Eşdeğer ni. Bàbá Moyọ̀ ní ká jẹ́ kí owó wa wà ní báńkì, ká máa san rẹ́ǹtì lọ. Mo gbé e lọ bá Teyze tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù, mo sì sọ ti màmá Gíríìkì yẹn fún wọn. Wọn ò bínú. Wọ́n gbé kọfí kaná, wọ́n dákẹ́ títí ó fi hó. Wọ́n wá ní nígbà tí wọ́n ṣí ibodè ní 2003, àwọn lọ wo ilé àwọn ní Limasol. Ẹni tó wà níbẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, kò ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n bi mí bóyá mo gba nọ́ńbà màmá yẹn. Mo gbà á.