Kóòtù Ìkẹjà tú wa ká ní 2014, ṣé mo ṣì lè bèèrè nǹkan kan ní Lọ́ńdọ̀nù?

Ìyá Tòní: Ẹ kúulé o ẹ̀yin ará. Lọ́ńdọ̀nù lèmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń gbé nígbà tó sáré lọ pẹjọ́ sílé, kóòtù ní kó fún mi ní mílíọ̀nù 2 náírà, ó tán. Ilé Peckham ńkọ́? Orúkọ ẹ̀ nìkan ló wà lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo san mọ́gééjì ẹ̀ fọ́dún 6 látinú iṣẹ́ kẹ́à tí mò ń ṣe lóru, gbogbo sìtétímẹ́ǹtì báńkì ẹ̀ ṣì wà nínú páálí bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo dákẹ́ torí àwọn ọmọ. Wọ́n wá sọ fún mi lánàá pé ó fẹ́ ta ilé yẹn.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé ẹ̀. Oṣù 3 ni wọ́n fi ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nílé, ọdún 11 rèé. Wọn kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́, ẹ ro tàwọn ọmọ.

Dúpẹ́_SE15: Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ má bínú, ìyẹn kọ́ ni màmá ń bèèrè. Òfin kan wà níbí látọdún 1984, Part III ni àwọn lọ́yà ń pè é, ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ lókè òkun tó sì ń gbébí lè ní kí kóòtù ibí wo ọ̀rọ̀ owó àti ilé. Màmá, ẹ ní kí lọ́yà yín ka ẹjọ́ Agbaje, Supreme Court ti ìlú ọba níbí, 2010. Ọmọ Nàìjíríà ni tọkọtìyàwó yẹn, kóòtù Èkó ní kí ìyàwó máa gbé ilé kan l'Ékòó títí ọjọ́ ayé ẹ̀, pẹ̀lú owó tó tó £21,000, ni adájọ́ ibí bá fún un ní £275,000 látinú ilé Lọ́ńdọ̀nù. Court of Appeal gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, Supreme Court dá a padà fún un. Àmọ́ mi ò ní tàn yín o, ìyàwó yẹn ò dákẹ́ fọ́dún 11, wọ́n máa bi yín pé kí lẹ ń dúró dè. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ kóòtù kẹ́ ẹ tó lè pẹjọ́. Tẹ́ ẹ bá sì ti fẹ́ ọkọ míì, ó parí nìyẹn. Ẹ tètè o, kó tó ta ilé!

Ìyá Tòní: Mi ò fẹ́ ẹnì kankan o. Dúpẹ́, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Mo ti da páálí yẹn sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń tò ó lóṣù-lóṣù, ti March 2009 nìkan ni mi ò tíì rí.